Èmi Ni Mo Yí Ọ̀rọ̀ Bàbá Wẹ́dà Padà

Ara mi kò balẹ̀. Láti ìgbà tí mo ti mú bírò láti kọ èyí, ẹ̀ẹ̀mejì ni mo ti dìde: mo lọ wo sítóòfù tí n kò tàn, mo lọ ti ilẹ̀kùn tó ti wà ní títì, mo tún padà wá jókòó. Ọkọ mi ní tí òun bá ti mọ̀ pé báyìí ni màá máa rìn káàkiri ilé, òun kì bá tí ra sìmẹ́ńtì ilẹ̀ yàrá, ẹsẹ̀ mi nìkan ì bá ti tẹ ilẹ̀ náà le. Ẹ̀rín ló fi ń sọ ọ́. Kò mọ ohun tó ń lé mi kiri. Ọdún kẹsàn-án rèé tí mo ti fi pamọ́ fún un, tí mo fi pamọ́ fún ìyá tó bí mi àti fún àlùfáà ìjọ wa. Ilé-iṣẹ́ mẹ́rin ni mo ti kúrò láàárín ọdún wọ̀nyí, tí mo ń sọ fún ènìyàn pé ibi tó sàn jù ni mo ń wá. Irọ́ ni! Ẹnu ara mi ni mo ń sá fún, ṣé ènìyàn sì lè sá fún ẹnu ara rẹ̀? Ẹ̀yin tí ẹ kò mọ̀ mí rí ni mo fẹ́ sọ ọ́ fún, kí ẹ gbọ́ ọ láti ìbẹ̀rẹ̀, kí ẹ tó dá mi lẹ́jọ́.

Ìmọ̀ ẹ̀rọ ni mo kà ní yunifásítì. Àwa obìnrin méjì péré ni a wà nínú kíláàsì náà, èkejì mi sì sá lọ sí ẹ̀ka mìíràn kí ọdún kejì tó parí. Èmi kò sá. Orí kunkun wà lára mi láti kékeré, bàbá mi a sì máa sọ pé ìyá òun ló tún padà wá yọ òun lẹ́nu. Mo sin ìjọba tán lókè Ọya, mo wá bá ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin gbé ní Ẹ̀gbẹ́dá, mo sì fi ọdún kan ààbọ̀ gbé sátífíkéètì kiri gbogbo Ìkẹjà. Ìgbà náà kò dára. Àwọn ilé-iṣẹ́ ń dá òṣìṣẹ́ wọn dúró, ta ló fẹ́ gba tuntun? Níbi tí àyè bá tiẹ̀ wà, wọ́n á wo ìwé mi, wọ́n á wo yẹtí etí mi, wọ́n á ní, "Obìnrin kẹ̀? Ṣé o lè gun àkàbà?" Tí mo bá ń gun afárá ẹlẹ́sẹ̀ ní Ìyànà Ìpájà bọ̀ wálé nírọ̀lẹ́, ṣe ni mo máa ń dá sọ̀rọ̀ bíi wèrè: àkàbà wo lẹ tún fẹ́ kí n gùn?

Níkẹyìn, ilé-iṣẹ́ kan gbà mí, ẹ jẹ́ kí n fi orúkọ rẹ̀ sílẹ̀. Iṣẹ́ wọn ni láti máa bá àwọn tó fẹ́ dá ilé-iṣẹ́ sílẹ̀ to ẹ̀rọ, láti ọjọ́ tí wọ́n bá gbẹ́ ìpìlẹ̀ títí di ọjọ́ tí ọjà àkọ́kọ́ bá jáde. Òyìnbó ni ọ̀gá wa, gbogbo Yorùbá tó gbọ́ kò ju "ẹ kú iṣẹ́" lọ, ìyẹn náà, tòru tọ̀sán ni ó máa ń lò ó fún ẹni tó ń jẹun àti ẹni tó ń sùn. Ó fún mi ní bébà ńlá kan tó bo odidi ògiri kan, a fa ìlà sí i, ìlà kọ̀ọ̀kan fún iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan. Èyí tí kò tí ì parí, màá fi àwọ̀ pupa kùn ún, èyí tó bá ti parí, màá fi àwọ̀ ewé kùn ún. Ìyẹn ni iṣẹ́ mi. Ẹ má fojú kéré rẹ̀ o, nítorí ẹni tó bá mọ bébà náà kà ni yóò di pírójẹ́ẹ̀tì mánéjà lọ́la, ẹni tí gbogbo iṣẹ́ ibẹ̀ wà níkàáwọ́ rẹ̀, tí àwọn ọkùnrin á máa dìde fún. Ipò yẹn wọ̀ mí lójú, ó wọ̀ mí lọ́kàn. Mo fẹ́ ẹ ju bí mo ṣe fẹ́ ọkọ lọ nígbà náà.

Ibẹ̀ ni mo ti pàdé Bàbá Wẹ́dà. Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ni, ó ń gbé ní Ìkọ̀tún, òun ni olórí àwọn tó ń jó irin pọ̀. Ojú rẹ̀ máa ń pọ́n nítorí iná iṣẹ́, àpò sìmẹ́ńtì tó ti gbọ̀n mọ́ ló sì máa ń tẹ́ sílẹ̀ kírun. Níwájú àwọn òṣìṣẹ́, "ẹ" ló máa ń fi bá mi sọ̀rọ̀, "Ẹnjiníà, ẹ káàárọ̀ o," àgbàlagbà tó ju bàbá mi lọ! Tó bá ku àwa méjèèjì, ó di "ọmọ mi, ṣé o ti jẹun?" Mo bi í lọ́jọ́ kan pé kí ló dé tó fi ń ṣe báyẹn, ó ní tí òun bá ń pè mí ní ìwọ ní gbangba, àwọn ọmọ iṣẹ́ á máa pè mí ní ìwọ Láńbẹ́. N kò mọ ẹni tó ń jẹ́ Láńbẹ́ títí dòní, ṣùgbọ́n ó yé mi. Bàbá yìí ló jẹ́ kí wọ́n máa gbọ́ràn sí mi lẹ́nu. Fítà kan wà, lára àwọn tó ń so páìpù mọ́ra, tó ń jẹ́ Sọ́ńdè, ọ̀dọ́kùnrin alágbára kan tó kọ́kọ́ ní obìnrin kankan kò lè rán òun níṣẹ́. Bàbá kàn wò ó ni, ó ní, "Sọ́ńdè, ta ló kọ́kọ́ rán ẹ níṣẹ́ láyé?" Gbogbo sáìtì bú sẹ́rìn-ín, Sọ́ńdè náà rẹ́rìn-ín, ọ̀rọ̀ parí síbẹ̀.

Ní ọ̀sẹ̀ kejì tí mo débẹ̀, mo béèrè lọ́wọ́ Bàbá pé iṣẹ́ táǹkì omi ńkọ́. Ó ní, "Ó kù díẹ̀." Mo fi àwọ̀ pupa sílẹ̀ níbẹ̀. Nígbà tó di ọ̀sán, Òyìnbó lọ wo táǹkì, ó bá a tó ti parí, omi tiẹ̀ ti kún inú rẹ̀, ló bá bi mí níwájú gbogbo ènìyàn bóyá ojú ń dùn mí. Mo fi ìbínú lọ bá Bàbá. Ó fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu òógùn, ó ní, "Ọmọ mi, èmi kì í sọ pé iṣẹ́ tán. Bàbá tó kọ́ mi níṣẹ́ kò jẹ́ ká sọ ọ́ rí. Tó o bá ní iṣẹ́ tán, iṣẹ́ á gbọ́, á sì tán lọ́wọ́ ẹ lóòótọ́. Ó kù díẹ̀ là ń wí, kí òmíràn lè tẹ̀ lé e." Àdúrà ni, ẹ ò rí i? Mo ṣe àmín. Láti ọjọ́ náà, tí Bàbá bá ti ní ó kù díẹ̀, àwọ̀ ewé ni màá mú. Tí iṣẹ́ bá kù ní tòótọ́, á sọ iye tó kù: ó ku òpó méjì, ó ku ọjọ́ kan. Òyìnbó kò mọ bí mo ṣe ń ṣe é tí bébà mi kì í fi í ṣìnà. Mo ń fi ṣe fáàrí lọ́kàn mi pé èmi nìkan ni mo gbọ́ èdè Bàbá.

Ilé-iṣẹ́ ọṣẹ kan la ń tò lọ́dún kejì. Ìkòkò ńlá kan wà níbẹ̀ tó ń se omi di oru, bọ́ílà ni wọ́n ń pè é, páìpù sì ń gbé oru náà gba òkè lọ síbi tí wọ́n ti ń po ọṣẹ. Gbogbo oríkèé páìpù náà, Bàbá ló ń jó wọn pọ̀. Fọ́ọ̀mù kan wà tí mo gbọ́dọ̀ buwọ́ lù lẹ́yìn náà, pé mo fi ojú ara mi rí oríkèé kọ̀ọ̀kan. Mo sì máa ń rí i o! Ṣòkòtò ni mo máa ń wọ̀ lọ síbi iṣẹ́, àkàbà tí wọ́n ní n kò lè gùn, gígùn ni mo ń gùn ún. Àfi Ọjọ́rú ọ̀hún. Àwọn ọ̀gá àgbà ránṣẹ́ pé kí n wá rí àwọn ní agogo méjì, wọ́n fẹ́ sọ mí di pírójẹ́ẹ̀tì mánéjà. Mo ra síkẹ́ẹ̀tì tuntun, ó fún mọ́ mi lára dáadáa, mo bọ́ sínú bàtà gíga. Báwo ni mo ṣe fẹ́ fi síkẹ́ẹ̀tì gun àkàbà lórí àwọn ọkùnrin bí ogún? Mo dúró nísàlẹ̀, jẹnẹrétọ̀ ń hó gèè, mo gbé ohùn sókè: "Bàbá, páìpù ńkọ́?" Ó yọ ojú sí mi láti òkè, ó ní, "Ó kù díẹ̀ o, Ẹnjiníà!" Ó tún sọ nǹkan kan lẹ́yìn rẹ̀, ó na ìka méjì sókè. Mo rò pé ó ń bá mi ṣàwàdà nípa agogo méjì ni. Mo rẹ́rìn-ín, mo juwọ́ sí i, mo lọ fi àwọ̀ ewé kun bébà, mo buwọ́ lu fọ́ọ̀mù pé mo fi ojú ara mi rí i, mo sì lọ gba ipò mi.

Oríkèé méjì ló kù. Irin tín-ín-rín tí wọ́n fi ń jó o ló tán lọ́wọ́ Bàbá, ó sì fẹ́ ra òmíràn bọ̀ láàárọ̀ ọjọ́ kejì. Ṣùgbọ́n àwọn tó ni ilé-iṣẹ́ ọṣẹ fẹ́ kí a dán bọ́ílà wò láàárọ̀ kùtù, wọ́n sì béèrè lọ́wọ́ mi bóyá páìpù ti ṣe tán. Mo ní ó ti ṣe tán. Mánéjà tuntun, ẹ ò rí ẹnu! Bàbá kò tí ì dé láti Ìkọ̀tún nígbà tí a ṣí oru sílẹ̀. Ìgbà tí oríkèé náà já, mo gbọ́ ariwo kan bíi ti ejò ńlá, lẹ́yìn náà mo gbọ́ ti Sọ́ńdè. Ó gba oru náà láti èjìká dé ọrùn ọwọ́. Bí Bàbá ṣe wọlé pẹ̀lú àpò irin lọ́wọ́ náà ló ju àpò sílẹ̀, òun ló gbé Sọ́ńdè lé ẹ̀yìn dé ibi ọkọ̀. Ọlọ́run kò jẹ́ kí ó kú. Ṣùgbọ́n ọwọ́ yẹn kò nà mọ́, wọ́n sì wá mú un lọ sílé lọ́dọ̀ àwọn òbí rẹ̀.

Wàyí o, ibi tí mo fẹ́ dé rèé. Ní ọ̀sán ọjọ́ náà, Òyìnbó pe Bàbá sí ọ́fíìsì. Bàbá kò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì, nítorí náà Òyìnbó pè mí kí n wá ṣe ògbufọ̀. Àwa mẹ́ta péré ló wà níbẹ̀. Òyìnbó ní kí n bi í léèrè ohun tó sọ fún mi lánàá nípa páìpù. Mo bi í. Bàbá ṣí fìlà, ó mú un dání, ó ní, "Ẹnjiníà, ẹ sọ fún wọn pé mo ní ó kù díẹ̀. Mo tún pariwo pé oríkèé méjì ló kù, mo na ìka sí yín, bóyá jẹnẹrétọ̀ ni kò jẹ́ kí ẹ gbọ́. Ẹ ní kí wọ́n má bínú, ẹ̀bi náà kì í ṣe ti ẹnì kan. Kí wọ́n jẹ́ ká lọ wo Sọ́ńdè." Bó ṣe sọ ọ́ nìyẹn, kò fi kún un, kò yọ kúrò níbẹ̀. Òyìnbó yíjú sí mi, fọ́ọ̀mù tí mo buwọ́ lù wà lórí tábìlì níwájú rẹ̀. Tí mo bá túmọ̀ ọ̀rọ̀ yẹn bó ṣe wà, wọ́n á bi mí ìdí tí mo fi kọ ọ́ pé mo fi ojú ara mi rí i. Mánéjà ọjọ́ kan! Mo la ẹnu, mo ní Bàbá ní òun sọ fún mi pé iṣẹ́ ti parí pátápátá. Ẹ̀rù ohun tí mo sọ wá bà mí, ni mo bá ń sọ̀rọ̀ lọ, mo ní àgbàlagbà ni, ó ti pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́, kí wọ́n ṣàánú rẹ̀. Gẹ̀ẹ́sì mi gùn lọ́jọ́ náà. Òyìnbó na ìka sí Bàbá, ó bi í fúnra rẹ̀ ní Gẹ̀ẹ́sì bóyá bẹ́ẹ̀ ló sọ ọ́. Bàbá wò mí lójú, mo mi orí sí i pé kó ní bẹ́ẹ̀ ni. Ó ní, "Yẹ́ẹ̀sì, sà."

Wọ́n dá a dúró kí ilẹ̀ tó ṣú. Ó wá dágbére fún mi, ó ní ohun tí orí bá rán ènìyàn wá ṣe náà ló ń ṣe. Ipò mánéjà kò bọ́ lọ́wọ́ mi. Mo to ilé-iṣẹ́ bisikíìtì, mo to ti ọ̀dà, mo to ti ike. Kò sí ẹni tó lè sọ fún mi pé iṣẹ́ parí kí n má gun òkè lọ fi ọwọ́ kàn án, débi pé àwọn òṣìṣẹ́ sọ mí ní Màdáámú Jẹ́-n-rí-i. Àwọn ọ̀gá ń fi mí ṣe àpẹẹrẹ, wọ́n ní mo mọ iṣẹ́. Àbí kí ni kí wọ́n wí? Tí mo bá ti lo ọdún méjì níbì kan tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í yìn mí, ara mi á bẹ̀rẹ̀ sí í yún mi, màá kọ̀wé fi ipò sílẹ̀. Nínú ṣọ́ọ̀ṣì, tí wọ́n bá dé ibi tí a ti ń jẹ́wọ́ ẹ̀ṣẹ̀ pọ̀, mo máa ń jáde lọ bí ẹni tó fẹ́ tọ̀. Ọkọ mi rò pé àtọ̀gbẹ ni, ó mú mi lọ ṣe àyẹ̀wò.

Lọ́dún yìí ni a kó dé ilé tiwa ní Ìgàndó. A fẹ́ géètì, wọ́n sì júwe wẹ́dà kan fún mi lẹ́bàá ọ̀nà, wọ́n ní bàbá náà kì í fi iṣẹ́ ṣeré. Ẹ ti mọ ẹni tó jẹ́. Mo rí i kí ó tó rí mi, mo yí padà, mo tiẹ̀ ti gbé ẹsẹ̀ mẹ́rin márùn-ún, ni mo gbọ́ ohùn rẹ̀: "Ẹnjiníà mi! Ọmọ mi, ìwọ kọ́ nìyẹn?" Ojú rẹ̀ ọ̀tún ti fọ́. Ó dì mọ́ mi, ó ń sunkún, ó ń pe àwọn aládùúgbò. Ẹ gbọ́ ohun tó sọ fún wọn! Ó ní èmi ni mo gbèjà òun lọ́dọ̀ Òyìnbó, pé mo sọ Gẹ̀ẹ́sì títí itọ́ fi gbẹ lẹ́nu mi, ọkàn Òyìnbó ló le tí kò gbọ́. Ó ní láti ọdún náà ni òun ti ń dárúkọ mi nínú àdúrà. Ó tún ní òun náà ti kọ́gbọ́n, òun ti jáwọ́ nínú kí òun máa ní ó kù díẹ̀, tí iṣẹ́ bá tán, òun á ní ó tán, torí pé ọ̀rọ̀ ẹnu òun ló ba ọwọ́ Sọ́ńdè jẹ́. Ó gba ẹ̀bi náà mọ́ra! Ọ̀rọ̀ tí bàbá tó kọ́ ọ níṣẹ́ fi lé e lọ́wọ́, tó fi ń ṣàdúrà lórí gbogbo iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀, ó ti pa á tì nítorí mi. Mo ní, "Ẹ ṣé, sà."

Kò tán síbẹ̀. Ó pe ọmọbìnrin rẹ̀ jáde, Mọ̀ríámọ̀. Ọmọ náà kúnlẹ̀, ó gbé omi fún mi. Ìmọ̀ ẹ̀rọ ló kà ní yunifásítì, ó ti sin ìjọba tán, kò tí ì ríṣẹ́. Bàbá ní, "Nígbà tó wà ní kékeré, mo máa ń sọ fún un pé obìnrin kan wà níbi iṣẹ́ wa tó ń gun àkàbà. Ìwọ ló fi ṣe àwòkọ́ṣe. Ọmọ mi, fà á lọ́wọ́ dání, kọ́ ọ bó o ṣe mọ̀ ọ́n." Kí ni ẹ rò pé mo sọ? Mo ní kò burú. Àyè wà ní ilé-iṣẹ́ tí mo wà báyìí, wọ́n ti gba ọmọ náà, yóò sì máa ṣiṣẹ́ lábẹ́ mi. Ọmọ náà mọ iṣẹ́, mo rí i níbi ìdánwò tí wọ́n ṣe fún un. Ó yẹ ipò náà ju bí mo ṣe yẹ ẹ́ nígbà tèmi lọ.

Ẹ dákun, ẹ̀yin tí ẹ ti dàgbà jù mí, ẹ gbà mí nímọ̀ràn. Tí mo bá lọ sọ òtítọ́ fún Bàbá, inú mi á fúyẹ́, ṣùgbọ́n ṣé tèmi náà kọ́ ni mo tún ń rò yẹn? Mo ti gba iṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ṣé kí n tún gba ẹni kan ṣoṣo tó rò pé ó dúró ti òun lọ́jọ́ ìṣòro? Mọ̀ríámọ̀ lè ní òun kò ṣiṣẹ́ mọ́, kí ọmọ ọlọ́mọ tún máa gbé sátífíkéètì kiri ìgboro nítorí mi. Tí n kò bá sì sọ ọ́, màá máa jẹ àdúrà tí kì í ṣe tèmi, Bàbá á sì gbé ẹ̀bi mi lọ sí sàréè. Àwọn kan á ní kí n kàn máa ṣe oore fún ọmọ náà, ó tó. Èmi náà ti sọ bẹ́ẹ̀ fún ara mi, kò wọ̀ mí létí. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ ń sáré àtidi ọ̀gá níbi iṣẹ́, ẹ má ṣe buwọ́ lu ohun tí ẹ kò rí. Tó bá sì jẹ́ pé ẹnu yín ni aláìgbédè kan fi ń sọ̀rọ̀, ẹ bẹ̀rù Ọlọ́run. Bàbá ti sọ fún Mọ̀ríámọ̀ pé kó máa pè mí ní màmá. Lọ́jọ́ Ajé tó ń bọ̀ ni yóò bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Mo pàdé rẹ̀ lánàá ní ọjà Ṣáṣà, ó pè mí ní màmá láàárín èrò, mo sì jẹ́ ẹ.